Kí lo rí tí o fi sọ bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè tó dé ọwọ́ mi nìyí. Mo gé e kúrú díẹ̀:

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Dókítà ni mí ní ọsibítù kan nítòsí Kàbà. Lọ́dọọdún, wọ́n ń rán akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn bíi mẹ́fà sí wa láti wá lo oṣù kan, kí wọ́n lè mọ bí iṣẹ́ ìgbèríko ṣe rí. Mo kà á pé ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń kó irú àwọn ọmọ báyìí lọ sí mùsíọ́ọ̀mù láti lọ wo àwòrán àti ère, wọ́n ní ó ń jẹ́ kí wọ́n mọ aláìsàn wò dáadáa. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọ̀gá mi, wọ́n ní àwọn ọmọ tí kò tíì mọ dírípù í so, ère ni mo fẹ́ kó wọn lọ wò. Ṣé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí? Bó bá jẹ́ òótọ́, níbo ni èmi tí mo wà ní Kàbà yóò ti rí mùsíọ́ọ̀mù?"

Ọmọ mi, okun o. Okun iṣẹ́, okun àwọn ọmọ tí ò ń kọ́.

Kí n kọ́kọ́ dá ọ̀gá rẹ lóhùn, nítorí ohun tí wọ́n sọ kì í ṣe ohun tí a ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ dírípù í so, dírípù ni kí ẹ kọ́ ọ. Kò sí ère tó lè dípò ìyẹn. Àmọ́ kí ni dírípù fẹ́ ṣe fún aláìsàn tí dókítà ti pe àìsàn rẹ̀ ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀? Ohun tí wọ́n ń lọ kọ́ ní mùsíọ́ọ̀mù wà ṣáájú abẹ́rẹ́. Bí ojú ṣe ń pẹ́ lára nǹkan kí ẹnu tó pè é lórúkọ ni.

Mo fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ iṣẹ́ mi tọ́jú awọ ara, nítorí náà ojú ni irinṣẹ́ mi. Lọ́dún kan, wọ́n gbé àgbẹ̀ kan wá láti abúlé kan lẹ́bàá odò ní ilẹ̀ Bùnú. Awọ ojúgun rẹ̀ méjèèjì ti ṣí, ó ti funfun. Ọ̀dọ́ dókítà kan wò ó láti ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀tẹ̀ ni." Ó sọ ọ́ lójú ìyàwó ọkùnrin náà, ó sọ ọ́ lójú àwọn tó tẹ̀ lé e wá. Kí n tó dé ibẹ̀, ìyàwó ti sún kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Mo bẹ̀rẹ̀, mo sún mọ́ ojúgun náà. Láàárín funfun yẹn, ìdí irun kọ̀ọ̀kan ṣì dúdú, ó ṣe tótòtó bí ara ẹkùn. Mo já òwú, mo ní kí bàbá náà dijú, kó máa fi ìka tọ́ka sí ibi tí òwú bá ti kàn án. Kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀tẹ̀ máa ń pa ìmọ̀lára ojú ibi tó bá mú, èyí kò sì pa nǹkan kan. Àrùn tí eṣinṣin dúdú ẹ̀bá odò ń gbé kiri ni, èyí tó ń fọ́ni lójú, èyí tí wọ́n ti ń fúnni ní oògùn Mectizan lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí rẹ̀ láti 1987.

Ọ̀dọ́ dókítà yẹn kì í ṣe òpè. Ó ka ìwé gan-an. Ohun tó ṣe é ni pé "funfun lára awọ" ti di "ẹ̀tẹ̀" lọ́kàn rẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó parí iṣẹ́. A tọ́jú bàbá náà, a ṣàlàyé fún ìyàwó títí ẹnu fi bó, síbẹ̀ ó pẹ́ gan-an kí àwọn ará abúlé tó tún bá a jẹun nínú àwo kan náà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu ọ̀nà ló fa gbogbo rẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ọ̀nà tí a lè gbà kọ́ ojú bí a ṣe ń kọ́ ọwọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ni ohun tí o kà. Dókítà awọ ara bíi tèmi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Yunifásítì Yale. Irwin Braverman ni orúkọ rẹ̀. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1990, òun àti Linda Friedlaender, ẹni tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ní mùsíọ́ọ̀mù iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Yale, bẹ̀rẹ̀ sí í kó akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní lọ síwájú àwọn àwòrán àtijọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan, àwòrán kan. Kò gbọ́dọ̀ ka àkọlé rẹ̀. Á dúró síbẹ̀, á máa wò ó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà ni á wá sọ ohun tó rí fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 2001 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú JAMA, ìwé àtìgbàdégbà àwọn dókítà Amẹ́ríkà: nígbà tí wọ́n fi fọ́tò aláìsàn dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò, àwọn tó ti wo àwòrán rí ohun tó pọ̀ ju tàwọn tí kò lọ.

Ìdí tí wọ́n fi lo àwòrán ló wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí o bá gbé fọ́tò làpálàpá síwájú akẹ́kọ̀ọ́, làpálàpá ló ń wá. Bó bá ti rí etí tó yí po, ó ti parí, ohun yòówù tó kù lára ẹni tó wà nínú fọ́tò náà ti di àfẹ́kù. Ṣùgbọ́n níwájú àwòrán tí kò rí rí, kò mọ èyí tó ṣe pàtàkì, kò sì mọ èyí tí kò ṣe pàtàkì. Kò sí ìdánwò tó ti kà sílẹ̀ fún un. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wò.

Lẹ́yìn Yale, àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Harvard kó tiwọn lọ sí mùsíọ́ọ̀mù iṣẹ́ ọnà ní Boston. Wọ́n tẹ àbájáde jáde ní 2008: akẹ́kọ̀ọ́ 24 ló gba ẹ̀kọ́ náà, wọ́n fi wọ́n wé 34 tí kò gbà á, àwọn 24 sì fi hàn pé ojú wọn ti là sí i. Ní Philadelphia, wọ́n ṣẹ́ kèké láàárín akẹ́kọ̀ọ́ 36, wọ́n kó ìdajì wọn lọ sí mùsíọ́ọ̀mù ní ìgbà mẹ́fà, wákàtí kan ààbọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó lọ ló sàn jù nígbà tí wọ́n dán wọn wò, 2018 sì ni wọ́n tẹ ìyẹn jáde.

Sọ ààlà rẹ̀ fún ọ̀gá rẹ pẹ̀lú, má fi pamọ́. Iye àwọn tí wọ́n fi dánwò kéré. Kò sì pẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà tí wọ́n fi dán wọn wò, fọ́tò àti àwòrán ni wọ́n sì fi dán wọn wò jù. Àwọn iṣẹ́ tí mo kà sílẹ̀ yìí fi hàn pé akẹ́kọ̀ọ́ ń rí sí i, ó sì ń ṣàpèjúwe sí i. Wọn kò fi hàn pé aláìsàn kankan tìtorí rẹ̀ yè. Èmi gbà pé ẹni tó bá rí sí i yóò ṣìnà díẹ̀, àmọ́ ìgbàgbọ́ mi nìyẹn, láti inú ohun tí ojú mi rí. Má ta á fún ọ̀gá rẹ bí ẹni ta àgbo.

Mùsíọ́ọ̀mù wá ńkọ́?

Èsìẹ́ kò jìnnà sí ẹ tó bí o ṣe rò. Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀ àti Erúkù títí dé agbègbè Òmù-Àrán, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà. 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nítorí àwọn ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan tí ayé ìta gbọ́ nípa wọn ní 1933. Bí o bá lè rí mọ́tò fún ọjọ́ kan, kó àwọn ọmọ náà lọ. Nítòsí yín gan-an, ní Ògìdì, Olóyè Nike Okundaye tí wọ́n bí síbẹ̀ ní 1951 dá ibùdó iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀. Pè wọ́n ṣáájú kí o tó lọ.

Àmọ́ ohun tí màá sọ fún ẹ gan-an ni pé kí o má dúró de mọ́tò. Ṣí àpótí aṣọ.

Ìyá ìyá mi hun kíjìpá ní Ìjùmú, lórí òfì ńlá tó dúró ti ògiri, irú èyí tí obìnrin ń jókòó sí níwájú. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé aṣọ wá fún wọn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò. Wọ́n á ní iwájú ni ẹni tó fẹ́ tà á tún ṣe. Wọ́n á fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n á na ojú rẹ̀ síwájú oòrùn, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀. Ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí wọ́n ń kọ́ mi bí a ṣe ń ṣe àpèjúwe ohun tó yọ sí awọ, pé kí n sọ bó ṣe tóbi tó, bí etí rẹ̀ ṣe rí, àwọ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀, bóyá ó tẹ́ tàbí ó ga, bóyá ó wà níbì kan tàbí ó fọ́n káàkiri, mo rántí àtàǹpàkò yẹn. Ẹ̀kọ́ kan náà ni.

Aṣọ tí wọ́n hun nílẹ̀ wa wà nínú àwọn mùsíọ́ọ̀mù òkè òkun. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti hun ún kò nílò tíkẹ́ẹ̀tì. Bí o bá lè rí aṣọ pupa àwọn ará Bùnú yá, èyí tí wọ́n ń pè ní aṣọ ìpò, ìyẹn gan-an ni mo fẹ́. Aṣọ ìsìnkú àwọn ènìyàn ńlá ni, nítorí náà kì í ṣe ohun tí a ń fà jáde bí ìrọ̀rí. Tọ olórí ẹbí lọ, sọ ohun tí o fẹ́ fi ṣe, béèrè ẹni tó lè fọwọ́ kàn án àti ibi tó yẹ kó dé. Bí wọ́n bá ní rárá, rárá ni. Kíjìpá àtijọ́ ti ìyá ẹnìkan náà á ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ohun kan wà nínú aṣọ Bùnú yìí tó máa ń gbá mi láyà. Òwú pupa inú rẹ̀ kì í ṣe aró ilẹ̀ wa. Àwọn ahunṣọ máa ń tú u lára nǹkan pupa tó ti òkè òkun wá, títí kan búláńkẹ́ẹ̀tì pupa ọsibítù. Wọ́n tú ohun tí a fi bo aláìsàn, wọ́n tún un hun, ó di ohun tí a fi yẹ́ òkú sí. Má sọ èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣáájú. Kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó. Ọ̀kan nínú wọn lè rí i fúnra rẹ̀ pé òwú pupa náà kò jọ òwú funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pé ó ní irun díẹ̀, pé bó ṣe lọ́ kò dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì. Ìgbà yẹn ni kí o tó wá sọ ìtàn rẹ̀.

Bí ìjókòó náà ṣe máa lọ rọrùn. Àwọn ìbéèrè mẹ́ta kan wà tí Abigail Housen àti Philip Yenawine gbé kalẹ̀ fún àwọn mùsíọ́ọ̀mù, tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ìṣègùn ń lò báyìí. Ní èdè wa, báyìí ni mo ṣe ń bi í: Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbí? Kí lo rí tí o fi sọ bẹ́ẹ̀? Kí ni a tún lè rí? Olùkọ́ kì í ní "ó dára", kì í ní "o ṣì í". Á nawọ́ sí ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ń sọ, á fi ọ̀rọ̀ mìíràn tún un sọ kí gbogbo wọn lè gbọ́, á sì béèrè èyí tó kàn. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìkejì ni èémí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ní, "Aṣọ olówó ni." Kí lo rí tí o fi sọ bẹ́ẹ̀? Á tún ojú dà sí aṣọ náà. Bóyá á ní, "Nítorí ó wúwo." Bóyá á ní, "Mo kàn rò ó ni." Ìdáhùn méjèèjì wúlò, nítorí ó ti mọ̀ báyìí pé rírí ọ̀tọ̀, rírò ọ̀tọ̀. Bí ó bá mọ ìyẹn níwájú aṣọ, lọ́la ní wọ́ọ̀dù, nígbà tó bá ní "ẹ̀tẹ̀ ni", o ti mọ ohun tí o máa bi í.

Jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí àwọ̀, torí ibẹ̀ ni èdè wa ti lè ràn wá lọ́wọ́, ibẹ̀ náà ló sì ti lè dẹ pàkúté fún wa.

Àwọ̀ mẹ́ta ni òpómúléró lédè Yorùbá: funfun, dúdú, pupa. Pupa gbé epo, ó gbé ẹ̀jẹ̀, ó gbé osùn, ó tún gbé ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní yẹ́lò. Àbí kí là ń pe àárín ẹyin? Pupa ẹyin. Nítorí náà, nígbà tí ìyá kan bá wọlé tó ní, "Dókítà, ojú ọmọ mi ń pọ́n," ohun méjì tó jìnnà síra bí ọ̀run àti ayé ló lè máa sọ. Ó lè jẹ́ ojú tó ràn bí iná, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní àpólò. Ó lè jẹ́ ibà pọ́njú, níbi tí ẹyinjú ti pọ́n bíi pupa ẹyin nítorí ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ tó ń túká. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ "ojú pọ́n", tó kọ "red eye" sínú fáìlì láìtíì gbé ojú sókè. Ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìyá náà, kò wo ọmọ náà.

Aṣọ pupa ni mo fi ń wo àṣà akẹ́kọ̀ọ́ yìí sàn. Mo máa ń ní kí ẹnikẹ́ni má sọ "pupa" lásán. Pupa bíi kí ni? Bí epo tuntun ni, àbí bí epo tó ti sùn? Bí iyùn? Bí ilẹ̀ ọ̀nà Ìyàrá lẹ́yìn òjò? Bí osùn tó gbẹ? Ó yà mí lẹ́nu bí ahọ́n àwọn ọmọ yìí ṣe máa ń tú. Wọ́n mọ àwọn nǹkan wọ̀nyí láti kékeré, ilé ìwé ni kò bi wọ́n rí. Bí ẹ bá dé wọ́ọ̀dù lẹ́yìn náà, bi aláìsàn pẹ̀lú: "Ìyá, pípọ́n tí ẹ rí yìí, ó dà bíi kí ni?" Kí ẹ sì gbé ọmọ tuntun lọ sí ojú fèrèsé, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Abẹ́ gílóòbù kì í sọ òótọ́ nípa àwọ̀ ojú.

Ó tún kan awọ tiwa fúnra rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa kún fún fọ́tò awọ òyìnbó, ó sì sọ pé ibi tí kòkòrò àrùn bá ti wọ abẹ́ awọ yóò pupa. Lára ènìyàn dúdú, ibẹ̀ lè má pupa rárá. Ó lè dúdú sí i, kó máa dán, kó le bí ìlù, kó gbóná lábẹ́ ẹ̀yìn ọwọ́. Ẹni tó ń wá pupa á kọjá lára rẹ̀. Ẹni tí aṣọ ti kọ́ láti béèrè pé "kí ló yàtọ̀ níbí sí ibi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?" yóò dúró.

Má fi mọ sí ojú nìkan. Èyí ni mùsíọ́ọ̀mù òyìnbó kò lè fún wọn, torí ibẹ̀ wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn fọwọ́ kan nǹkan. Aṣọ tí ìwọ yá, bí olówó rẹ̀ bá gbà, kí wọ́n fọwọ́ kàn án, kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo ṣe irú ìjókòó yìí, ọmọbìnrin kan gbé imú sí ara kíjìpá, ó ní, "Káńfọ̀." Ẹyin funfun kéékèèké yẹn tí a ń kó sáàárín aṣọ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Mo bi wọ́n pé ta ló tún ń tọ́jú aṣọ báyìí. Wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan dáhùn: ìyá tó lóyún, tó ń kó aṣọ ọmọ jọ. Ẹ̀yin dókítà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin wa ni a bí láìní G6PD tó tó nínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ kó má bàa túká. Bí wọ́n bá fi aṣọ tó ti sùn nínú káńfọ̀ wé irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í túká, ojú á pọ́n, bí ó bá sì pọ̀ jù tí a kò tètè rí i, ó lè ba ọpọlọ jẹ́ títí láé. Kò sí èyí tí àwọn ọmọ yẹn kò tíì kà nínú ìwé. Òórùn aṣọ ló so ó pọ̀ mọ́ ibùsùn ìyá. Mo gbọ́ pé ọmọbìnrin yẹn kì í yẹ ọmọ tuntun wò mọ́ láì gbóòórùn ṣọ́ọ̀lù rẹ̀.

Ohun mìíràn wà tó kan ìwọ àti ọ̀gá rẹ. Ní wọ́ọ̀dù wa, ẹni tó dàgbà jù ló ń sọ̀rọ̀. Ọ̀gá á ní báyìí ni, gbogbo wa á ní "bẹ́ẹ̀ ni sà". Nọ́ọ̀sì tó ṣọ́ aláìsàn náà mọ́jú, tó rí i pé èémí rẹ̀ yí padà ní aago mẹ́ta òru, á dákẹ́ torí kò fẹ́ kí wọ́n ní ó ń ṣe ju ara rẹ̀ lọ. Ìbọ̀wọ̀ fún àgbà dára, mi ò ní sọ pé ká pa á tì. Àmọ́ níwájú aṣọ, ọ̀gá kò mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ ìyá tó ń gbá ilẹ̀ wọ́ọ̀dù, tó wá láti Bùnú, ni yóò mọ̀ ọ́n jù. Nítorí náà, kó gbogbo wọn jọ: akẹ́kọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, ìyá tó ń gbálẹ̀. Ẹni tó kéré jù ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí àgbà sọ tirẹ̀ kẹ́yìn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá bá ti gbọ́ lẹ́ẹ̀kan pé ọmọdé rí ohun tí òun kò rí, tí ayé kò sì bàjẹ́, ó máa ń rọrùn fún nọ́ọ̀sì òru láti sọ̀rọ̀.

Ìkìlọ̀ kan. Bí ẹ bá lọ sí Èsìẹ́, tàbí bí ẹ bá dé Ifẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ má sọ ère di aláìsàn. Mo mọ bó ṣe máa ń wu dókítà. Lára àwọn ère alámọ̀ Ifẹ̀, wọ́n rí ti ọkùnrin kan tí kórópọ̀n rẹ̀ wú gidi, ó sì jọ pé ẹni tó fi amọ̀ mọ ọ́n láyé àtijọ́ ti fojú rí àìsàn yẹn. Ẹ lè sọ èyí, kí ẹ sì dúró níbẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìrìn àjò yín bá di "ta ló lè sọ àrùn tó ń ṣe ère yìí", ẹ ti tún padà sí ibi tí ẹ ti ń sá bọ̀: ìdíje ta ló máa kọ́kọ́ dárúkọ. Lára ère Èsìẹ́, ẹ máa rí ìlà lójú, irun dídì oríṣiríṣi, orí tó ti já kúrò lọ́rùn. Jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ya ìlà tí ọwọ́ agbẹ́kùúta fà sọ́tọ̀ sí èyí tí ọjọ́ pípẹ́ tàbí ìṣubú ṣe sí i. Kí lo rí tí o fi sọ bẹ́ẹ̀? Iṣẹ́ tó tó ṣe fún wákàtí kan nìyẹn, ó sì jọ iṣẹ́ dókítà tó ń wo àpá lára ènìyàn, tó fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ ilà, èyí tó jẹ́ gbẹ́rẹ́ adáhunṣe, èyí tó jẹ́ egbò, èyí tó jẹ́ ọwọ́ ọkọ.

Bí màá ṣe ṣe é ká ní èmi ni ìwọ: ọ̀sán kan lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wákàtí kan ààbọ̀. Ohun kan ṣoṣo lọ́jọ́ kan, má kó jọ. Tẹ́ aṣọ náà sórí ẹní tó mọ́ níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà, kì í ṣe ní yàrá tí iná mànàmáná ń ṣẹ́jú. Fóònù wọ inú àpò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Yóò pẹ́ lójú wọn. Ní ìṣẹ́jú kẹta wọ́n á máa wo ara wọn, ní ìkarùn-ún wọ́n á rò pé àwọn ti rí gbogbo rẹ̀ tán, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á tó bẹ̀rẹ̀ sí í ríran. Kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ láìlo orúkọ kankan tó jẹ́ ìdájọ́: kò gbọ́dọ̀ sí "ẹlẹ́wà", kò gbọ́dọ̀ sí "àlòkù", àfi ohun tí ojú rí. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè mẹ́ta yẹn. Lọ́sẹ̀ kejì, mú wọn ní méjì-méjì, kí ọ̀kan kọ ẹ̀yìn sí aṣọ pẹ̀lú bébà àti pẹ́ńsù, kí èkejì máa ṣàpèjúwe, kí onípẹ́ńsù máa yà á láìwẹ̀yìn. Bí àwòrán náà bá ṣe wọ́ ni wọ́n á fi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti lábàwọ́n. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn nígbà tí wọ́n bá pe dókítà àgbà lórí fóònù láàárín òru láti ròyìn aláìsàn tí kò lè rí.

Kí ẹ tó tú ká lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ lọ sí ẹsẹ̀ ibùsùn aláìsàn kan tó ti gbà tẹ́lẹ̀. Ẹ kí i dáadáa, ẹ jókòó kí ojú yín bá tirẹ̀ dọ́gba, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan náà ní èdè tí òun náà gbọ́. Bí ẹ kò bá ṣe apá yìí, eré ni ìyókù. Ẹ má ya fọ́tò rẹ̀. Kí ó wà lọ́kàn yín pé òun kì í ṣe aṣọ, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ.

Láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, wá fọ́tò awọ mẹ́fà láti inú ìwé, ti awọ dúdú ni kí o wá. Fi mẹ́ta hàn wọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí. Fi mẹ́ta yòókù hàn wọ́n lọ́sẹ̀ kẹrin. Kí dókítà mìíràn tí kò mọ èyí tó ṣáájú ka iye ohun tí wọ́n rí, kó sì tún ka iye ìgbà tí wọ́n dárúkọ àrùn láìsọ ohun tí wọ́n rí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà kò lè fi nǹkan múlẹ̀ fún ayé, àmọ́ wọ́n tó láti sọ fún ìwọ bóyá kí o tẹ̀síwájú lọ́dún tó ń bọ̀.

Pe ọ̀gá rẹ sí ti àkọ́kọ́. Má bá wọn jiyàn mọ́. Gbé àga wọn sí ibi tí wọ́n á ti rí aṣọ náà dáadáa, kí o sì fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ sọ tiwọn. Bí o kò bá rí aṣọ yá, kọ̀wé sí mi. Kíjìpá ìyá ìyá mi ṣì wà lọ́wọ́ mi, ó ní ibì kan tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tí mi ò tíì mọ ìdí rẹ̀ títí di òní. Inú mi á dùn bí àwọn ọmọ yẹn bá lè bá mi wò ó.